Ọmọ Tí Ìlú Kọ̀: Ìdáhùn sí Lẹ́tà Ẹ̀yin Òǹkọ̀wé

Nígbà tí a ní kí ẹ kọ ìbéèrè yín wá lórí ìtàn àròsọ tí iwin, idán àti ìlú tí kò sí láyé wà nínú rẹ̀, irú ìtàn kan náà ló pọ̀ jù nínú lẹ́tà tó wọlé: ọmọ kan wà, ìlú kọ̀ ọ́, ó jáde lọ, ó ń wá ibi tí wọn yóò ti pè é ní ọmọ àwọn. Ìtàn tó ń wọni lọ́kàn ni, ó sì máa ń tètè bàjẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó bá gbára lé àánú nìkan. Márùn-ún la mú nínú lẹ́tà yín lóṣù yìí. A gé wọn kúrú, a ò sì dárúkọ ẹnikẹ́ni.

Ẹ̀yin olóòtú, mo kí yín o. Ọmọ ọdún mẹ́tàlá ni ọmọbìnrin inú ìtàn mi. Èèyàn ni bàbá rẹ̀, inú odò ni ìyá rẹ̀ ti wá, irun orí rẹ̀ kì í sì í gbẹ. Gbogbo ìlú ló kórìíra rẹ̀. Àwọn mẹ́ta tó bá mi kà á ní àánú ọmọ náà ò ṣe àwọn, pé ńṣe ni ìkórìíra yẹn dà bí eré orí ìtàgé. Kí ni mo ṣe tí kò dáa? (Òǹkàwé kan, Ìbàdàn)

Ẹ kú iṣẹ́. Irun tí kì í gbẹ yẹn dára, ẹ má fọwọ́ kàn án. Ibi tí ọ̀rọ̀ wà ni pé ìkórìíra ìlú yín kò níṣẹ́ tó ń ṣe. Nínú orí kìíní tí ẹ fi ránṣẹ́, ẹ̀ẹ̀mẹsàn-án ni wọ́n bú ọmọ náà, ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n sọ ọ́ lókò, síbẹ̀ a kò rí nǹkan kan tí kò gbọdọ̀ ṣe, a kò rí ibì kan tí kò gbọdọ̀ dé. Èébú nìkan kì í ya èèyàn sọ́tọ̀. Ọmọ tí wọ́n fẹ́ràn gan-an náà ń gbọ́ èébú nílé.

Níbi tí ìlú bá ti ń ta ẹnì kan nù, nǹkan mẹ́rin ló máa ń wà níbẹ̀, ẹ sì nílò mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Èkíní ni àmì. Ẹ ti ní ìyẹn. Èkejì ni ìtàn tí wọ́n ń sọ nípa àmì náà, èyí tí ìyá ń sọ fún ọmọ lálẹ́: bóyá wọ́n ní àwọn ará odò ló gbé omi ìlú lọ lọ́dún ọ̀dá. Ẹ̀kẹta ni òfin ojoojúmọ́. Ẹ̀kẹrin, tí ọ̀pọ̀ òǹkọ̀wé ń gbàgbé, ni ẹni tó ń jẹ èrè rẹ̀. Ta ló ń rí owó, ilẹ̀ tàbí ipò nítorí pé wọ́n ta àwọn ọmọ odò nù? Ẹ jẹ́ ká sọ pé agbo ilé kan wà tó jẹ́ pé àwọn ló ń wẹ kànga mọ́ nígbàkígbà tí ọwọ́ ọmọ odò bá kàn án, tí wọ́n sì ń gbowó lórí rẹ̀. Lójú ẹsẹ̀, ìkórìíra ti rí ẹsẹ̀ rìn. Ẹni tó bá wá dìde pé kí wọ́n jẹ́ kí ọmọ náà máa pọnmi bí ẹgbẹ́ rẹ̀, oúnjẹ àwọn kan ló ń fọwọ́ kàn yẹn, wọn ò sì ní gbà fún un.

Ẹ má fojú kéré ìtàn tó jẹ́ èkejì, nítorí òun ló lè yí padà. Ẹ wo ìbejì nílẹ̀ Yorùbá. Ìgbà kan wà tí wọ́n ń pa wọ́n ní àwọn ibì kan, tí wọ́n ń wò wọ́n bí èèmọ̀. Nígbà tó yá, ìbejì di ọmọ tí à ń torí rẹ̀ kí ìyá kú oríire, ọmọ tí wọ́n ń gbẹ́ ère fún bí ọ̀kan bá lọ, tí wọ́n ń wẹ ère náà, tí wọ́n ń fún un lóúnjẹ. Àmì ò yí padà, ọmọ méjì náà ni. Ohun tí ìlú ń sọ nípa wọn ló yí. Bí ẹ bá fẹ́ kí ìlú yín yí padà kí ìwé tó tán, a ti gbọ́dọ̀ gbọ́ ìtàn náà lẹ́nu wọn ní ìbẹ̀rẹ̀, ká lè rí ibi tó ti bẹ̀rẹ̀ sí í já.

Ní báyìí, ẹ mú ìwé, ẹ kọ òfin mẹ́wàá tó de ọmọ náà. Kó jẹ́ ohun tí ojú lè rí. Kò gbọdọ̀ pọnmi kí oòrùn tó kan àtàrí. Okùn dúdú gbọ́dọ̀ wà lọ́rùn akèrègbè rẹ̀. Kò gbọdọ̀ fi owó lé ọlọ́jà lọ́wọ́, inú abọ́ omi ni yóò jù ú sí. Kò gbọdọ̀ jókòó lórí ẹní ẹlòmíràn. Mẹ́ta péré ni kí ẹ lò ní orí kìíní, ẹ tọ́jú ìyókù. Lẹ́yìn náà, ẹ yọ mẹ́jọ kúrò nínú èébú mẹ́sàn-án yẹn, kí ẹ kọ nǹkan tó jọ èyí dípò rẹ̀:

Ó dé ìdí kànga nígbà tí àwọn yòókù ti lọ. Omi ti rẹlẹ̀, ẹrẹ̀ ló ń bá okùn bọ̀. Ìyá kan ń fọṣọ nítòsí, ó ń kọrin. Ìyá náà ò wò ó, kò bú u. Ó kàn fi ẹsẹ̀ fa ọpọ́n aṣọ rẹ̀ sẹ́yìn ní ìwọ̀n ìṣísẹ̀ kan, orin ò sì dá lẹ́nu rẹ̀.

Orin tí kò dá yẹn ló ń dun òǹkàwé. Obìnrin yẹn kò bínú. Ó ti mọ́ ọn lára.

Ohun kan tún wà. Gbogbo ará ìlú yín ló kórìíra ọmọ náà bákan náà, ìlú kankan kì í sì í rí bẹ́ẹ̀. Nínú mẹ́wàá tó bá lanu sọ̀rọ̀ nínú ìwé, ẹ jẹ́ kí méjì kórìíra rẹ̀ tọkàntọkàn, kí márùn-ún máa ṣe é nítorí pé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe bá a, kí méjì máa bẹ̀rù ohun tí aládùúgbò máa sọ, kí ọ̀kan máa ṣiyèméjì. Ẹ wá fi ẹnì kan kún un tó fẹ́ràn rẹ̀ dénú, tó ṣì ń pa òfin mọ́: àbúrò bàbá rẹ̀ obìnrin, tó ń fi ẹran pamọ́ fún un, tó ń di irun tútù yẹn fún un, àmọ́ tó jẹ́ pé bí ọmọ náà bá mu omi tán, eérú ló fi ń fọ ife náà lẹ́ẹ̀mẹta. Ọmọ náà ń gbọ́ bí eérú ṣe ń ha ife náà láti inú yàrá. Bí ẹ bá kọ ìyẹn dáadáa, ẹ ò nílò òkò rárá.

Ìlú òyìnbó ni wọ́n bí mi sí, Yorùbá tí mò ń kọ kò sì burú. Ṣùgbọ́n ìgbàkígbà tí mo bá ń kọ ìlú inú ìtàn mi, ilé olódi òkúta, ẹṣin, àti owó wúrà ló máa ń jáde. Báwo ni mo ṣe lè mú un wálé? (Òǹkàwé kan, Lọ́ńdọ̀nù)

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ẹnu bodè. Odi amọ̀ ni ìlú wa àtijọ́ ní, pẹ̀lú yàrà tí wọ́n gbẹ́ yí i ká. Eredo Súngbọ́, odi àti yàrà àtijọ́ kan ní ilẹ̀ Ìjẹ̀bú, gùn tó nǹkan bíi kìlómítà 160, àwọn ibì kan sì wà tó jẹ́ pé láti ìsàlẹ̀ yàrà dé orí odi tó mítà 20. Ilẹ̀ pupa ni wọ́n gbẹ́, tí wọ́n sì kó jọ. Kò sí òkúta gbígbẹ́ níbẹ̀. Lẹ́nu bodè, oníbodè ń gba owó lọ́wọ́ ẹni tó bá ru ọjà kọjá. Ibẹ̀ ni ìlú ti máa kọ́kọ́ bi ọmọ yín pé: ọmọ ta ni ọ́? Agbo ilé wo? Bí kò bá ní ìdáhùn, ìtàn ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Oníbodè tún lè má bèèrè rárá, kó kàn wo ojú rẹ̀. Láyé àtijọ́, ilà ojú ń sọ ibi tí èèyàn ti wá. Pélé, ìlà mẹ́ta tó dúró ṣánṣán ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ kọ̀ọ̀kan. Àbàjà, tí ìlà tirẹ̀ dùbúlẹ̀. Gọ̀ǹbọ́, kẹ́kẹ́ àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ dá ilà tiyín sílẹ̀ fún ayé yín, kí ẹ sì mọ ẹni tó ń kọ ọ́ àti ọjọ́ orí tí wọ́n ń kọ ọ́. Ọmọ tí kò ní ilà láàárín àwọn tó ní, tàbí tí tirẹ̀ dúró ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ kan ṣoṣo nítorí pé wọ́n lé olóòlà lọ kó tó parí, ìyẹn lágbára ju ojú tó ń tàn bí iná lọ.

Ẹṣin kì í ṣe èèwọ̀. Ọ̀yọ́ fi ẹṣin jagun. Ṣùgbọ́n ọ̀dàn ni ẹṣin ti ń gbè. Nínú igbó kìjikìji, eṣinṣin kan wà tó ń mu ẹ̀jẹ̀, àìsàn tó ń kó ràn wọ́n ló ń pa wọ́n. Bí ìlú yín bá wà nínú igbó, ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń rìn, orí ni wọ́n fi ń ru ẹrù. Ẹni tó ru ẹrù kì í sábà rìn ju kìlómítà 25 sí 30 lọ lóòjọ́, nítorí náà ẹ má jẹ́ kí ọmọ yín fi ọjọ́ méjì rin ọ̀nà 200 kìlómítà láìjẹ́ pé iwin gbé e.

Owó ẹyọ lẹ máa ná. Ogójì owó ló wà lórí okùn kan. Okùn 50 jẹ́ ẹgbàá, ìyẹn 2,000. Ẹgbàá mẹ́wàá jẹ́ ọ̀kẹ́ kan, 20,000. Ìwọ̀n ọ̀kẹ́ kan lé ní kìlógíráàmù 20, torí bẹ́ẹ̀ ọmọ tó jí ọ̀kẹ́ owó méjì tó sì ń sá fún àwọn ọlọ́dẹ, bí a ṣe rí i nínú ìwé àfọwọ́kọ kan, kò lè ṣẹlẹ̀. Kó jí okùn márùn-ún. Ọ̀sẹ̀ ọjọ́ mẹ́rin làwọn baba wa ń kà: Ọjọ́ Ọ̀sẹ̀, Ọjọ́ Awo, Ọjọ́ Ògún, Ọjọ́ Jàkúta. Ọjà ọrún ń bọ̀ ní ọjọ́ karùn-ún bí a bá ka òní mọ́ ọn. Ẹ lè fi èyí ṣe òfin: àwọn tí ìlú kọ̀ kò gbọdọ̀ wọ ọjà lọ́jọ́ ọjà, àfi lọ́jọ́ kejì, nígbà tí ẹ̀fọ́ tó kù ti rọ, tí ẹja sì ti ń kan. Ọjọ́ kan péré, ó sì ti sọ gbogbo ohun tí wọ́n ń jẹ di àjẹkù.

Ohun tó ga jù tí ẹ ní lọ́wọ́, tí ẹni tó ń fi Gẹ̀ẹ́sì kọ irú ìtàn yìí kò ní, ni ìkíni àti *ẹ* pẹ̀lú *o*. Ẹ fojú inú wo bàbá arúgbó kan lára àwọn tí ìlú kọ̀, tí àwọn ọmọ kékeré ń wí fún pé "o káàárọ̀", tí wọn kì í sọ pé "ẹ káàárọ̀". Ẹ má ṣàlàyé rẹ̀. Òǹkàwé Yorùbá yóò gbọ́ ọ, ara rẹ̀ yóò sì bù máṣọ. Ẹ wá jẹ́ kí ó di ojú ìwé 140 kí ọmọ kan tó wà láàárín wọn tó ṣi ẹnu pe bàbá náà ní "ẹ̀yin". Bákan náà ni ìkíni tí kò ní ìdáhùn: ọmọ náà kúnlẹ̀, ó kí àwọn àgbà lọ́wọ́ alẹ́, wọ́n ń bá ọ̀rọ̀ wọn lọ. Kí ẹ kà á dé mẹ́ta, kí ẹ tó jẹ́ kó dìde.

Fóònù ni mo fi ń kọ̀wé. Ọ̀rọ̀ mélòó ni ìwé ọmọdé yẹ kó ní, ṣé dandan sì ni àmì ohùn? (Òǹkàwé kan, Abẹ́òkúta)

Fún ọmọ ọdún 10 sí 14, ọ̀rọ̀ 25,000 sí 40,000 tó, kí orí kọ̀ọ̀kan máà ju 2,000 lọ. Bí ẹ bá ń kọ 500 lóòjọ́, oṣù méjì lẹ máa fi kọ 30,000.

Dandan ni àmì ohùn. Igbá, igba, ìgbà, ìgbá, igbà: ẹ wo iye nǹkan tó yàtọ̀ síra níbẹ̀. Nínú ayé tí ẹ dá sílẹ̀ fúnra yín, ó tún wá le jù, nítorí pé òǹkàwé ò gbọ́ orúkọ yẹn rí. Bí ẹ kò bá fi àmì sí orúkọ ìlú tàbí ti iwin, ilé kọ̀ọ̀kan ni yóò máa pè é bó ṣe wù wọ́n. Kíbọọ̀dù Yorùbá wà lórí Gboard. Ìṣòro tí ẹ máa bá pàdé ni pé kọ̀ǹpútà lè tọ́jú lẹ́tà kan náà, bíi ọ́, ní ọ̀nà méjì tí ojú ò lè fi ìyàtọ̀ sí. Bí ẹ bá wá ọ̀rọ̀ kan nínú fáìlì, yóò ní kò sí, ó sì wà níbẹ̀. Kí ẹ tó fi ránṣẹ́, ẹ ní kí ẹni tó bá mọ kọ̀ǹpútà yí gbogbo rẹ̀ sí NFC, ìyẹn ètò tó ń mú kí kọ̀ǹpútà tọ́jú lẹ́tà kan náà ní ọ̀nà kan ṣoṣo. Ẹ lo fọ́ǹtì Charis SIL, Gentium tàbí Noto Serif, kí ẹ sì yẹ ẹ̀, ọ́, ṣ àti ń wò nínú PDF, nítorí pé ibẹ̀ ni àmì ti máa ń yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Àfín ni ọmọ mi ọkùnrin, ọmọ ọdún mẹ́wàá. Ó fẹ́ràn ìwé, ṣùgbọ́n bó bá rí irú ara rẹ̀ nínú ìtàn, iwin ni wọ́n fi ń ṣe, tàbí ẹni tí wọ́n fẹ́ fi rúbọ. Mo fẹ́ kọ ọ̀kan fún un. Kí ni kí n yẹra fún? (Ìyá kan, Òṣogbo)

Màmá, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ. Ohun àkọ́kọ́ tí ẹ máa yẹra fún ni ìwòsàn. Ìtàn tí àfín bá di dúdú nígbà tó parí, ohun tó ń sọ fún ọmọ yín ni pé bó ṣe wà báyìí kò tó. Ẹ tún yẹra fún ẹ̀jẹ̀ tó ń ṣílẹ̀kùn idán, irun tó ń mú owó wá, àti ojú tó ń ríran lókùnkùn. Àwọn kan ṣì wà láyé tó gba irú nǹkan bẹ́ẹ̀ gbọ́ débi tí wọ́n fi ń pa èèyàn. Kò yẹ kí ìwé ọmọdé bá wọn gbé e kiri, ì báà jẹ́ ní eré.

Ẹ kọ ara rẹ̀ bó ṣe rí. Èròjà tó ń fún awọ, irun àti ojú ní àwọ̀ ni ara rẹ̀ kò ṣe tó. Ọ̀dọ̀ bàbá àti ìyá ló ti ń wá, bí àwọn méjèèjì bá sì gbé e lára láìjẹ́ àfín, oyún kọ̀ọ̀kan ní ìdá kan nínú mẹ́rin láti bí àfín. Kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ ẹnikẹ́ni. Ẹyinjú máa ń mì fúnra rẹ̀, kì í fi bẹ́ẹ̀ ríran jìnnà, ìmọ́lẹ̀ líle sì ń dà á láàmú. Ẹ̀yin mọ èyí jù wá lọ nílé. Ohun tí a fẹ́ kí ẹ rí ni bí ó ṣe lè di ìtàn. Wọ́n juwọ́ sí i láti òdìkejì ọjà, kò dáhùn, wọ́n ní ó ń gbéra ga. Látorí ìyẹn, ìjà lè dé tó máa gba orí mẹ́rin. Ohùn àti ìrìn ló fi ń dá èèyàn mọ̀, torí náà nígbà tí iwin kan gbé àwọ̀ bàbá rẹ̀ wọ̀, gbogbo ìlú gbà pé bàbá náà ni, òun nìkan ló gbọ́ pé ẹsẹ̀ òsì kò wọ́ nílẹ̀ bó ṣe máa ń wọ́. Ẹ ò rí i pé kò sí idán kankan níbẹ̀? Ó ti gbé ayé rẹ̀ ní fífetísílẹ̀ ni.

Oòrùn ni ọ̀tá rẹ̀ gidi, nítorí jẹjẹrẹ awọ. Kí ó máa rìn ní ìdájí àti ní ìrọ̀lẹ́, kí ó dé akẹtẹ̀ tí etí rẹ̀ fẹ̀, kí ó wọ aṣọ alápá gígùn. Bí àwọn ọ̀tá bá fẹ́ ṣe é níbi, kí wọ́n gba akẹtẹ̀ yẹn lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́sàn-án gangan. Gbogbo ọmọ tó bá ka ibẹ̀ ni yóò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ti burú.

Ní ti ìlú rẹ̀, ẹ wo ọ̀rọ̀ tiwa: *ẹni òrìṣà*. Ọbàtálá tó ń mọ ènìyàn ni wọ́n ní ó ni àfín, abuké àti arọ, a kò sì gbọdọ̀ fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́. Ọ̀wọ̀ ni, ṣùgbọ́n ọ̀wọ̀ náà lè yani sọ́tọ̀. Ẹ lè dá ìlú kan sílẹ̀ tí wọ́n ti ń kọ́kọ́ fún ọmọ náà lóúnjẹ, tí wọ́n ń kúnlẹ̀ kí i, síbẹ̀ tí kò sí ọmọ kan ṣoṣo tó jẹ́ bá a ta ayò. Ihò méjìlá, ọmọ ayò 48, òun nìkan ló ń ta á, ọwọ́ ọ̀tún ń na ọwọ́ òsì. Kò ní máa sá fún òkò. Ohun tó ń wá ni ẹni tó máa na òun nínú ayò láìbẹ̀rù. Nípa oúnjẹ, ẹ má fi í sínú ìwé pé àfín kì í jẹ iyọ̀ bí ẹni pé òtítọ́ ni. Iyọ̀ kì í ṣe é ju bó ṣe ń ṣe ẹlòmíràn lọ. Bí ará ìlú inú ìtàn bá sọ ọ́, kí ọmọ náà bu iyọ̀ sọ́bẹ̀ níwájú wọn.

Bí ẹ bá fẹ́ ọjọ́ tí ẹ máa kà á fún un pẹ̀lú àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀, 13 oṣù kẹfà ni Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé yà sọ́tọ̀ fún ìlanilọ́yẹ̀ nípa àfín.

Ní ìparí ìtàn mi, ọmọ tí wọ́n lé kúrò nílùú padà wá, ó fi idán lé ogun lọ, ọba kú, wọ́n sì fi ọmọ náà jọba. Ọ̀rẹ́ mi kan tó jẹ́ olùkọ́ ní òun ò gba ìparí yẹn, ṣùgbọ́n kò lè sọ ìdí. Ṣé ẹ̀yin mọ̀ ọ́n? (Òǹkàwé kan, Ìlọrin)

A rò pé a mọ̀ ọ́n. Ìlú yín ò gba ọmọ náà, iṣẹ́ ló ṣe fún wọn, wọ́n sì san owó rẹ̀. Bí idán rẹ̀ bá tán lọ́la ńkọ́? Ọmọ mìíràn tó ní irú àmì yẹn, tí kò lè lé ogun, tó kàn jẹ́ ọmọ lásán, kí ni wọ́n máa ṣe fún un? Òfin tí wọ́n fi lé àkọ́kọ́ jáde ṣì wà nílẹ̀, ẹnikẹ́ni ò fọwọ́ kàn án.

Ọ̀rọ̀ adé yẹn náà tún wà níbẹ̀. Ọba kì í jẹun ní gbangba. Ìlẹ̀kẹ̀ adé ń bo ojú rẹ̀. Kò lè ya ilé ẹnikẹ́ni lójijì kó jókòó sórí ẹní. Ọmọ tí kò rí ẹni bá jẹun láti kékeré, ipò tí kò ti ní rí ẹni bá jẹun títí ayé lẹ gbé e sí. Láti ìta ni ẹ ti gbé e lọ sórí òkè. Kò kọjá láàárín àwọn èèyàn rí.

Àárín yẹn ni kí ẹ wá. Èdè wa ti ní orúkọ fún un. Ẹ wo àáró: àgbẹ̀ mẹ́fà tí oko wọn súnmọ́ra, òní ni ti ẹni kìíní, ọ̀la ni ti èkejì, títí yóò fi kárí, ẹni tó bá sì jẹ ọjọ́ kan ní gbèsè gbọ́dọ̀ san án pẹ̀lú ọkọ́ lọ́wọ́. Ẹ wo èsúsú: mẹ́wàá dá iye kan náà, ẹnì kan ń kó o ní ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó bá máa kó o lákọ̀ọ́kọ́, mẹ́sàn-án ti fọkàn tán an pé kò ní kó owó sá lọ. Ẹ jẹ́ kí wọ́n fi ọmọ náà ṣe ẹni àkọ́kọ́ yẹn. Ẹ jẹ́ kí ẹnì kan nínú ẹgbẹ́ náà kọ̀, kí ó sọ ìdí tó fi kọ̀, kí ó yọwọ́ owó tirẹ̀. Kí ẹlòmíràn wá fi ìlọ́po méjì dí àyè rẹ̀ láìsọ nǹkan kan. Ọ̀rọ̀ ogun kankan ò lè ṣe ohun tí ojú ìwé mẹ́ta yẹn máa ṣe.

Kó má wá dé lẹ́ẹ̀kan náà. Bí ìwé bá jẹ́ orí 20, kí ẹnì kan bá a jẹun nínú abọ́ kan náà ní bí orí karùn-ún. Kí wọ́n pè é sí àáró ní orí kẹwàá. Ní orí kẹrìnlá tàbí kẹẹ̀ẹ́dógún, kí òun fúnra rẹ̀ já wọn kulẹ̀: oko ẹnì kan kàn, kò lọ, òjò rọ̀ mọ́ iṣẹ́ náà, ebè 200 bàjẹ́. Ọmọ tí wọ́n ti ń ta nù kì í gbà pé wọ́n ń retí òun níbì kan. Ìdí tí kò fi lọ nìyẹn, kì í ṣe ọ̀lẹ. Ìjà tó bá tẹ̀ lé e ni ojúlówó ìjà ìwé yín. Ẹ tún fi hàn pé òun náà ń fojú tín-ín-rín ẹnì kan. Àwọn tí ìlú kọ̀ kì í ṣe áńgẹ́lì. Ó lè jẹ́ pé ó ń kórìíra ọmọ alágbe tí ipò rẹ̀ kéré sí tirẹ̀, kó sì jẹ́ pé ibẹ̀ ni yóò ti kọ́kọ́ rí ohun tí ìlú ń ṣe sí i.

Bí ẹ bá fẹ́ lo oríkì, ẹ ṣọ́ra. Oríkì orílẹ̀ jẹ́ ti ìdílé. Ẹni tí kò ní ìdílé nílùú kò ní i, ìyá àgbà kò sì lè kàn ṣàdédé máa kì í. Kí ó dákẹ́ díẹ̀, kí ó wá a, kí ó wá fi ohun tí ọmọ náà ti ṣe lójú òun hun ìlà mẹ́ta tàbí mẹ́rin. Ẹ má kọ odindi ojú ìwé.

Ẹ má sì yí gbogbo ènìyàn lọ́kàn padà. Àwọn tó ń jẹ èrè òfin yẹn yóò pàdánù, wọn yóò bínú, àwọn kan yóò kú pẹ̀lú ìbínú náà. Kí òfin kan péré ṣẹ́ níwájú wa, èyí tí a ti rí láti orí kìíní, kí a sì mọ orúkọ ẹni tó kọ́kọ́ rú u.

Bí ẹ bá béèrè ibi tí kí ẹ parí rẹ̀ sí, oko ni. Ìdájí, ìrì ṣì wà lórí koríko. Oko ẹlòmíràn ni wọ́n wà lọ́jọ́ náà. Oorun ti gbé ọmọ náà lọ, ó ń sáré bọ̀, ọkọ́ ń gbá a léjìká. Àwọn márùn-ún ti kọ ebè dé àárín. Ẹni tó ni oko gbójú sókè, ó figbe bọnu pé ṣé àsìkò yìí ló yẹ kó máa dé ni, pé ìlà tó wà létí odò yẹn tirẹ̀ ni, kò sì sí ẹni tó máa bá a kọ ọ́. Kò sí ẹni tó tún wò ó lẹ́yìn ìyẹn. Kí ọmọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í kọbè.